Ìdákẹ́ Tó Wà ní Ìlà Kẹta

Àpótí náà ṣófo.

Bàbá Jethro Ọlọ́runfẹ́mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó gbé e sókè, ó dojú rẹ̀ dé, ó gbọ̀n ọ́n. Òkú aáyán kan ló jábọ́.

"Ibí yìí ni mo fi wọ́n sí," ni ó wí. "Gbogbo orin tí Agatha ìyàwó mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, bí mo bá ti lò wọ́n tán, ibí ni mo ń dá wọn padà sí."

Sájẹ́ǹtì Thomas Fọlọ́runṣọ́, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá láti Lọ́kọ́ja, ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àgádágodo àpótí ló ń yí wò lọ́wọ́. Wọn ò fọ́ ọ, wọn ò fi irin ha á lára. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i, jẹ́jẹ́ bí onílé.

"Níbo ni kọ́kọ́rọ́ yìí máa ń wà, Bàbá?"

Bàbá fi ẹnu júwe ògiri. Fọ́tò obìnrin kan wà níbẹ̀, ó di gèlè, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ẹni tó ń ya fọ́tò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín. Ìṣó kan wà lábẹ́ fọ́tò náà, kọ́kọ́rọ́ sì wà lórí ìṣó.

"Gbogbo Kabba ló lè rí i níbẹ̀ yẹn."

"Ta ni yóò jí orin, ọmọ mi? Orin kì í ṣe iṣu."

Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti jí i. Bí Thomas ṣe jókòó sórí àpótí tí wọ́n ń kó lẹ́tà irin ìtẹ̀wé sí, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó rí i pé olè náà mọ ohun tó ń ṣe dáadáa.

Kò sí ilé ẹ̀kọ́ kan láti Kabba dé Ìsánlú tí kò mọ Ilé Ìtẹ̀wé Orin Ọlọ́runfẹ́mi. Nígbà tí Bàbá àti ìyàwó rẹ̀ ṣì jọ ń ṣe tíṣà, orin òyìnbó tí àwọn ọmọ ò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ní gbogbo kíláàsì. Agatha ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí ọmọ Okun, ọmọ ilẹ̀ Kabba yìí, yóò gbọ́ tí inú rẹ̀ yóò dùn. Ó ń kọ wọ́n ní dó-rè-mí, ohùn mẹ́rin mẹ́rin, ọkọ rẹ̀ ń dà á kọ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Nígbà tí àwọn ìjọ ń béèrè ju èyí tí ọwọ́ lè dà kọ lọ, tọkọtaya náà ta oko kọfí wọn, wọ́n ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àlòkù kan, lọ́rì gbé e wá láti Ìlọrin. Láti ìgbà náà, Moses òṣìṣẹ́ wọn ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ìwé orin káàkiri, títí dé Mopa. Ṣùgbọ́n àwọn orin tí Agatha fẹ́ràn jù, kò jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ wọ́n. Ó ní òun ń tọ́jú wọn de ìwé ńlá kan. Àwọn akọrin ìjọ ń fi etí kọ́ díẹ̀ nínú wọn lẹ́nu rẹ̀, ìyókù wà nínú àpótí. Ó kú kí ìwé náà tó jáde.

Ní ọdún 1956 yìí ni alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ kéde pé òun fẹ́ ìwé orin kan ṣoṣo fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ àgbègbè náà. Bàbá Jethro to lẹ́tà, ó fi àwọn orin Agatha tí ìjọ ti mọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé ńlá náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e lọ. Ó bá ìwé mìíràn lórí tábìlì alábẹ̀wò. Àwọn orin kan náà ni, orúkọ ẹlòmíràn ló wà níwájú rẹ̀: James Oyèbánjí, òǹtẹ̀wé ní Ìsánlú. James ní òun lòun ni orin, pé Jethro jí i. Alábẹ̀wò dá ọjọ́ Ẹtì fún wọn. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí ló ni ìwé. Ẹni tí kò bá ní, wọ́n á ti ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ pa, á sì fojú ba ilé ẹjọ́. Bàbá sáré wálé láti wá gbé àwọn ìwé ọwọ́ Agatha, èyí tí ọjọ́ orí wọn hàn lójú ìwé. Àpótí òfìfo ló bá.

"Ẹ̀rọ yẹn kọ́ ló ń dùn mí," ni Bàbá wí. Kò wo Thomas, fọ́tò ló ń wò. "Bí wọ́n bá fi orúkọ ọkùnrin yẹn sórí orin rẹ̀, ó tún kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn."

*

Thomas ra ẹ̀pà yíyan lọ́jà lọ́wọ́ Sarah, ìyàwó Moses. Ó tú ìwé tí wọ́n fi wé e, ó bá dó-rè-mí nínú rẹ̀.

Ó ń jẹ ẹ̀pà náà lọ títí ó fi padà dé ilé ìtẹ̀wé, níbi tí Moses ti ń to lẹ́tà.

"Moses, ẹ̀pà ìyàwó ẹ dùn."

"Ẹ ṣé, Sájẹ́ǹtì."

"Ohun tó fi wé e ni mo wá bi ọ́."

Ọwọ́ Moses dúró lórí lẹ́tà. "Ìwé tó bàjẹ́ ni. Bí yíǹkì bá dà sí i, Bàbá á ní kí n fi dáná. Sarah ló ní kí n yéé fi dáná."

"Wọ́n ní o lọ Ìsánlú lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ìyàwó àbúrò Sarah ló bímọ. Èmi ni mo gbé ewúrẹ́ lọ. Ó já mọ́ mi lọ́wọ́ ní Mopa, gbogbo ìlú ló bá mi lé e. Ẹ lọ bi wọ́n, wọn ò tíì rẹ́rìn-ín tán."

Kọ́ńsítébù tó bá Thomas wá ti ń fa ìdè ọwọ́ yọ. Thomas mi orí sí i. Ó ti tẹ́ gbogbo ìwé tó rí nínú atẹ Sarah sílẹ̀. Ẹ̀rọ ló tẹ gbogbo wọn, yíǹkì sì ti ba gbogbo wọn jẹ́. Kò sí ẹyọ kan tí a fi ọwọ́ kọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá jí orin láti fi pa ọ̀gá rẹ̀ lára kò ní jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ máa fi tà káàkiri ọjà.

"Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, ta ló wọ ibí nígbà tí Bàbá ò sí nílé?"

Moses ronú. "Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù. Ó ní òun fẹ́ tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ mú àwọn èyí tí a ti tẹ̀ rí wá fún un. Kí n tó dé, ó ti lọ."

"Báwo lojú rẹ̀ ṣe rí?"

"Ẹ̀yìn ló kọ sí mi, ó ń wo fọ́tò Ìyá. Bàtà rẹ̀ nìkan ni mo rántí. Ó ń dún bí ọmọ adìyẹ."

*

James Oyèbánjí wọ̀ sí ilé àlejò kan nítòsí ọjà. Ó ń mu tíì, ó sì ti ya irun rẹ̀ tààrà láàárín.

"Okun o, Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí," ni Thomas fi ìkíni ilẹ̀ náà kí i.

"Okun, Sájẹ́ǹtì. Ẹ ti mú bàbá yẹn?"

"Mo ṣì ń wá ibi tí n ó ti dì í mú. Orin 'Ilẹ̀ Mọ́' tó wà nínú ìwé yín, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Nínú yàrá mi ní Ìsánlú. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn."

"Ẹ ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níbí?"

"Níbo ni n ó ti gbọ́ ọ? Mi ò fi ẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀ṣì wọn rí láyé mi."

Thomas ṣí ìwé méjèèjì sórí tábìlì, ti James àti ti Bàbá Jethro. Ó ti yẹ̀ wọ́n wò láàárọ̀. Orin náà bára mu láti òkè dé ilẹ̀, àyàfi ibì kan. Nínú ìwé James, ní ìlà kẹta, wọ́n fi àmì ìdákẹ́ síbẹ̀, pé kí gbogbo ohùn dúró díẹ̀ kí wọ́n tó máa lọ. Kò sí ìdákẹ́ nínú ti Jethro.

"Èyí ńkọ́?"

James rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìdákẹ́ yẹn ni adùn orin náà. Ọgbọ́n orin ni, kò lè yé ẹ̀yin ọlọ́pàá. Nígbà tí olè ń dà á kọ, kò rí i, ó fò ó kọjá. Ẹ fi ìyẹn mú un."

Thomas dúpẹ́. James sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, bàtà rẹ̀ sì ń dún ní gbogbo ìṣísẹ̀.

"Bàtà yín ń kọrin," ni Thomas wí.

"Tuntun ni."

Níta, kọ́ńsítébù ní, "Ọ̀gá, òun nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká gbé e."

"Nítorí bàtà? Ìdajì àwọn akọ̀wé Kabba ni bàtà wọn ń dún. Adájọ́ náà, tirẹ̀ ń dún."

*

Ní ìrọ̀lẹ́, Thomas lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn akọrin ń dánrawò, Rachel, ọmọbìnrin tí Agatha kọ́ ní dùrù, jókòó sídìí dùrù àtijọ́ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí.

Thomas kò lè kọrin. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ìyára, ọ̀gá akọrin ní kó máa bá wọn gbé ìwé, kó má la ẹnu. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ mọ orin kan, ẹsẹ̀ ló fi ń kọ́ ọ: á máa rìn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ "Ilẹ̀ Mọ́", òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín àga.

Ilẹ̀ mọ́ lórí òkè wa,
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dìde.
Ìmọ́...

Gbogbo ohùn dákẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Thomas wà lókè, kò rí ibi tí yóò gbé e sí. Ó nawọ́ di àga kan mú kó má baà ṣubú. Ìgbà náà ni wọ́n tó tún máa lọ.

...lẹ̀ ń bọ̀ wá sílé wa,
Ẹ jẹ́ ká pàdé rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ tún un kọ," ni Thomas wí.

Wọ́n tún un kọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tún kọ́ sókè níbì kan náà.

"Rachel, kí ló dé tí ẹ fi ń dúró síbẹ̀ yẹn?"

"Bó ṣe rí nìyẹn, Sájẹ́ǹtì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ ọ́."

"Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀?"

Rachel wo àwọn akọrin, àwọn náà wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó béèrè rí. Thomas súnmọ́ dùrù, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ́ awọ tó ń gba afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Eku ti jẹ ẹ́ ní igun.

"Ìlà kẹta ló gòkè jù," Rachel wí, ohùn rẹ̀ ń falẹ̀ bó ṣe ń rò ó. "Ibẹ̀ ni gbogbo ohùn ti ń pariwo. Afẹ́fẹ́ máa ń tán lábẹ́ mi. Mo gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ́ ẹ kó tó tún sọ̀rọ̀, wọ́n sì máa ń dúró dè mí." Ó fi ọwọ́ lé àyà. "Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ti gbàgbé pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀."

Thomas dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé Kabba, ó rẹ́rìn-ín.

"Níbo ni Ìyá Agatha ti kọ́kọ́ ṣe tíṣà, kí dùrù yìí tó dé?"

"Iyah-Gbede," ni gbogbo wọn dá lóhùn.

*

Ìyá Monica ń ṣa ẹ̀gúsí níwájú ilé rẹ̀ ní Iyah-Gbede. Thomas bi í bóyá ó ṣì rántí orin tí Tíṣà Agatha kọ́ wọn.

"Ṣé o rò pé mo ti darúgbó tó ìyẹn ni?" Ó ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní agbolé kejì. Wọ́n dé, wọ́n jókòó ti ẹ̀gúsí, wọ́n kọ ọ́ láìsí dùrù, láìsí ìwé. Thomas ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú wọn.

Ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ wá sílé wa...

Ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sí ìdákẹ́.

"Ìyá, ìgbà wo lẹ kọ́ ọ?"

"Nígbà ogun Hítílà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lójú ogun nígbà náà, orin yẹn la fi ń rẹ ìyá wa lẹ́kún." Ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó. "Kí ló dé tóo fi ń rìn bí ẹṣin ìjòyè?"

"Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni, Ìyá."

Lórí kẹ̀kẹ́, Thomas to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bó bá jẹ́ pé nínú àpótí ni James ti da orin kọ, ìdákẹ́ ò ní sí níbẹ̀, nítorí Agatha ò kọ ọ́. Nítorí náà etí ló fi jí i, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ní òun ò wọ̀ rí. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn orin tí ìjọ ń kọ nìkan ló wà nínú ìwé rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí Agatha fi pamọ́. Ó ti tẹ ìwé tán kó tó wá ṣí àpótí. Kí ló wá ń wá níbẹ̀? Ó fẹ́ kó ẹ̀rí Bàbá kúrò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Thomas rántí ọ̀rọ̀ kékeré kan tó wà níwájú ìwé náà: Apá Kìíní.

Ẹni tó bá ṣèlérí Apá Kejì, tí kò sì lè kọ orin, kò ní fi iná sun orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Kó tó délé, ó yà sọ́dọ̀ alábẹ̀wò. "Ẹ bá mi ránṣẹ́ sí James," ni ó wí, "pé bó bá ní Apá Kejì, kó mú un wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ ní ẹ fẹ́ ra méjèèjì."

*

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kún lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn tí kò ráyè wọlé ń yọjú lójú fèrèsé. Bàbá Jethro jókòó níwájú, ó di ọwọ́ mọ́ fìlà rẹ̀. James jókòó sí òdìkejì, ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ti ru dùrù ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùrù tuntun ti ilé ẹ̀kọ́.

"Apá Kejì ńkọ́?" alábẹ̀wò béèrè.

"Ó kù díẹ̀, sà," James wí. "Mo ń dà á kọ lọ́wọ́ ní ilé àlejò. Ó máa tẹ̀ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé."

Thomas yíjú sí kọ́ńsítébù. Kọ́ńsítébù, pẹ̀lú ìwé àṣẹ Ajẹ́lẹ̀ nínú àpò rẹ̀, jáde.

"Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí," ni Thomas wí, "ẹ ní ìdákẹ́ ìlà kẹta ni àmì tiyín."

"Mo wí bẹ́ẹ̀."

"Ó já sí àárín ọ̀rọ̀. 'Ìmọ́', ká dúró, 'lẹ̀'. Kí ló fà á?"

"Ẹwà ni. Ó ń jẹ́ kí ọkàn èèyàn máa retí."

"Ọkàn mi ń retí náà. Rachel, ẹ bá wa fi dùrù ṣọ́ọ̀ṣì kọ ọ́."

Àwọn akọrin Kabba dìde. Ní ìlà kẹta, dùrù mí kanlẹ̀, ó dákẹ́, ẹsẹ̀ Rachel sì ń sáré lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ bí awọ tó lu náà ṣe ń fẹ́ fíì, fíì, kí orin tó tún bẹ̀rẹ̀. Thomas yí dùrù náà kó lè hàn sí alábẹ̀wò, ó fi ìka kan gba ibi tí eku jẹ.

"Ọgbọ́n orin nìyí, sà. Eku ló kọ ọ́."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. James sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

Rachel bọ́ sídìí dùrù tuntun, ó ta á dé òpin, dùrù náà ò fìgbà kan dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni Thomas ké sí Ìyá Monica àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nídìí ẹ̀gúsí, orin náà sì lọ tààrà bí odò.

"Jethro ló kọ́ wọn lánàá," James wí.

Ìyá Monica yíjú sí i. "Ọmọ mi, nígbà ogun Hítílà la kọ́ ọ. Ṣé o ti já ọmú nígbà náà?"

Alábẹ̀wò ní láti fi ọwọ́ lu tábìlì kí wọ́n tó gbọ́ra wọn.

"Ibì kan ṣoṣo láyé yìí ni wọ́n ti ń dákẹ́ ní ìlà kẹta," Thomas wí nígbà tí ariwo rọlẹ̀. "Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kabba, nítorí dùrù yìí. Ẹni tó bá tẹ ìdákẹ́ yẹn sínú ìwé, ó ti jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà, ó sì gbọ́ ọ. Ẹ̀yin sì ní ẹ ò wọ̀ ọ́ rí."

James dìde. Ojú rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kọ́ńsítébù ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Ó gbé nǹkan tí wọ́n fi aṣọ wé dání.

"Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni, ọ̀gá. Kò tíì dà á kọ dé ìdajì."

Thomas kò tú u. Ó gbé e fún Bàbá Jethro. Àgbà náà ṣí aṣọ náà, ìwé tó ti pọ́n létí yọ jáde, ìwé ọwọ́ obìnrin, lẹ́tà kéékèèké tó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń kánjú. Bàbá gbé ìwé náà sókè fún gbogbo èèyàn.

Rachel ló kọ́kọ́ dìde. Gbogbo gbọ̀ngàn sì tẹ̀ lé e.

"Orúkọ ta ni ká kọ síwájú ìwé náà?" alábẹ̀wò béèrè.

"Agatha," ni Bàbá wí. "Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà."

Bí wọ́n ṣe ń mú James lọ, bàtà rẹ̀ ń dún ní gbogbo ìṣísẹ̀. Moses na ìka sí i láti ojú fèrèsé. "Ọmọ adìyẹ yẹn nìyẹn," ó wí.

*

Ní ọjọ́ Ìsinmi, kí Thomas tó padà sí Lọ́kọ́ja, ó dúró sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Oníṣọ̀nà awọ kan ti fi awọ ewúrẹ́ tuntun dí igun tí eku jẹ. Afẹ́fẹ́ kún inú dùrù dẹ́nu.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ "Ilẹ̀ Mọ́". Thomas rọra ń rìn lójú kan.

Ìmọ́...

Dùrù ń lọ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ dákẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ẹsẹ̀ Thomas sì há sókè. Nínú ìdákẹ́ náà, ohùn àgbà kan ṣoṣo, ti Bàbá Jethro, jáde láti àga iwájú, ohùn tó ti ha díẹ̀, ó ń lọ tààrà bí Agatha ṣe kọ ọ́:

...lẹ̀ ń bọ̀ wá sílé wa.

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sáré lé e bá. Thomas gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀.